Bí A Ṣe Ń De Hínjì àti Ọwọ́ Mọ́ Ilẹ̀kùn Onínú Òfìfo: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ilẹ̀kùn yàrá tó fúyẹ́, tí owó rẹ̀ ò ga, tí inú rẹ̀ máa ń dún tí a bá fi ìka kàn án, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò sí bí a ṣe lè ṣe é tí kò ní tètè bàjẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí igi wà nínú rẹ̀ kó tó lu ihò kankan, ilẹ̀kùn náà á sìn ín fún ọdún gbọọrọ. Èyí tí hínjì rẹ̀ ń tú, tí ọwọ́ rẹ̀ ń mì, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ibi tí kò sí igi ni wọ́n de súkúrù rẹ̀ sí.

Kí ló wà nínú ilẹ̀kùn yìí gan-an?

Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló bò ó, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pílíwúùdù tàbí háàdìbọ́ọ̀dù, kì í sì í sábà nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Láàárín méjèèjì, igi tóóró yí etí ilẹ̀kùn ká lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Igi etí yìí sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 25 sí 35. Gbogbo àárín tó kù, páálí tí wọ́n tò bí afárá oyin ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ páálí náà kò ju pé kó má jẹ́ kí pátákó méjèèjì tẹ̀ wọnú lọ. Súkúrù tí ẹ bá de sí i kò ní rí nǹkan kan dì mú.

Ohun kan ṣì kù: igi lọ́ọ̀kì. Ìyẹn ni igi tó ki, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi etí lápá àárín ilẹ̀kùn, kí ọwọ́ àti ahọ́n lọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó máa ń yọ láti etí ilẹ̀kùn wọ inú férémù, lè ríbi dúró. Ilẹ̀kùn kan lè ní in lápá méjèèjì, òmíràn á ní ẹyọ kan péré. Tí ẹ bá wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀kùn náà máa ń nípọn tó mìlímítà 35 sí 40.

Báwo ni mo ṣe máa mọ apá tí igi lọ́ọ̀kì wà?

Ẹ kọ́kọ́ wo orí ilẹ̀kùn àti etí rẹ̀ méjèèjì. Àwọn tó ṣe é sábà máa ń lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n ya àwòrán kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ohun tí ẹ bá rí sí ojú ilẹ̀kùn kí ẹ tó fá etí yẹn tàbí kí ẹ tó kun ún, torí pé tí àmì náà bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Tí kò bá sí àmì, ẹ fi ìka kan ojú ilẹ̀kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sí etí. Ibi tó ṣófo á dún gbọ̀ngbọ̀n, ibi tí igi wà á dún kì. Ẹ sàmì sí ibi tí ìró ti yí padà lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ ní etí kejì.

Ọ̀nà kan tún wà tí kì í tan èèyàn jẹ. Ẹ fi dírílù mìlímítà 2 lu ihò kan ṣoṣo sí àárín gbùngbùn ibi tí ihò ọwọ́ ilẹ̀kùn máa wà. Tí lẹ́búlẹ́bú igi bá ń jáde títí, igi wà níbẹ̀. Tí dírílù bá ṣàdédé já wọnú, tí kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́ mọ́, kò sí igi. Ihò ńlá tí ẹ máa lu níbẹ̀ tó bá yá á gbé ihò kékeré yìí lọ, ojú ilẹ̀kùn ò ní ní àpá.

Igi lọ́ọ̀kì wà ní apá tí mo fẹ́ de hínjì sí ńkọ́?

Ẹ yí ilẹ̀kùn náà, kí iwájú di ẹ̀yìn. Apá ọ̀tún á di apá òsì, ó tán. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ wá igi lọ́ọ̀kì kí ẹ tó gé àyè hínjì kankan.

Hínjì mélòó ló yẹ, irú wo ló sì dára?

Hínjì mìlímítà 75, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ínṣì 3, ti tó. Ilẹ̀kùn yìí kò wúwo, méjì lè gbé e. Síbẹ̀, mẹ́ta ni mo máa ń dámọ̀ràn. Kì í ṣe torí ìwúwo. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń fẹ́ tẹ̀ tí ọ̀rinrin bá mú un lápá kan, hínjì àárín ló sì máa ń jẹ́ kí etí ilẹ̀kùn náà dúró ṣánṣán. Fún ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ẹ má ṣe é ní méjì rárá.

Ẹ má ra hínjì ńlá tó nípọn pẹ̀lú èrò pé ó máa lágbára jù. Súkúrù rẹ̀ á ti tóbi jù fún igi tóóró yìí, ó sì lè là á.

Irú hínjì kan wà tí ewé rẹ̀ kan, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí súkúrù ń gbà kọjá, máa ń wọ inú ewé kejì nígbà tí ilẹ̀kùn bá pa dé. Èyí ò fẹ́ kí ẹ gbẹ́ igi rárá, orí igi lásán lẹ máa de é sí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ ṣísẹ́ẹ̀lì, irin ẹlẹ́nu mímú tí a fi ń gbẹ́ igi, lò, èyí ni kó rà. Ilẹ̀kùn fífúyẹ́ gan-an ni wọ́n ṣe é fún, àwọn igi etí náà á sì wà bí wọ́n ṣe wà láìdínkù.

Ibo ni kí n de wọ́n sí?

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ káfíńtà ń lò nìyí: mìlímítà 150 láti orí ilẹ̀kùn sí òkè hínjì àkọ́kọ́, àti mìlímítà 225 láti ìdí ilẹ̀kùn sí ìsàlẹ̀ hínjì tó kẹ́yìn. Ìkẹta á wà ní agbede méjì wọn. Àmọ́ tí férémù tó wà ní ẹnu ọ̀nà bá ti ní àyè hínjì tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ti férémù. Ẹ gbé ilẹ̀kùn sí àyè rẹ̀, ẹ fi igi pẹlẹbẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè bó ṣe yẹ kó dúró, kí ẹ wá fi pẹ́ńsùlù mímú gbé àmì náà láti ara férémù sára ilẹ̀kùn. Èyí sàn ju kí ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa gbẹ́ àyè hínjì láìfọ́ igi etí?

Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba ilẹ̀kùn jẹ́ jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ẹ gbé ilẹ̀kùn sórí etí rẹ̀, kí ẹnì kan dì í mú tàbí kí ẹ so ó mọ́ nǹkan tí kò ní mì. Ẹ gbé hínjì lé orí igi, kí orógùn rẹ̀, ibi tí irin róbótó wà, yọ síta lápá tí ilẹ̀kùn máa ṣí sí. Ní apá kejì, ẹ jẹ́ kí igi díẹ̀ ṣẹ́ kù láìgbẹ́, nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 5. Igi tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń dáàbò bo ojú pátákó.

Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ìlà yí ewé hínjì ká, ẹ má fi pẹ́ńsùlù nìkan sí i. Ìlà ọ̀bẹ ló máa dá igi dúró kó má là kọjá ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ sàmì bó ṣe máa jìn tó pẹ̀lú: kó jìn bí ewé hínjì ṣe nípọn, nǹkan bíi mìlímítà 2, kó má jù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ máa fi ṣísẹ́ẹ̀lì lù ú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ní ìbú igi, ní mìlímítà márùn-ún márùn-ún, kí ẹ tó wá fi ojú ṣísẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ fá àwọn ègé náà kúrò láti ẹ̀gbẹ́. Ṣísẹ́ẹ̀lì tó kú kì í gé igi, ńṣe ló ń tì í, igi etí tó tóóró ò sì gba títì. Ẹ pọ́n ọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa gbé hínjì wò sínú àyè náà lóòrèkóòrè. Ojú hínjì àti ojú igi gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tó bá jìn jù, ẹ má bẹ̀rù, páálí pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ewé hínjì á gbé e wá sókè.

Súkúrù wo ni kí n lò?

Súkúrù tó nípọn tó mìlímítà 3.5 sí 4, tó sì gùn tó mìlímítà 25 sí 30, ti tó lára ilẹ̀kùn. Èyí tó bá gùn ju igi etí lọ, inú páálí ni imú rẹ̀ máa lọ parí sí, kò sì ní fi agbára kankan kún un. Lára férémù ọ̀rọ̀ yàtọ̀: tí igi tàbí òpó bá wà lẹ́yìn férémù, ẹ lè fi súkúrù gígùn kan sí hínjì òkè, èyí tó máa la férémù kọjá wọ inú òpó náà. Hínjì òkè ló ń ru ìnira jù.

Ẹ máa kọ́kọ́ fi dírílù mìlímítà 2 la ọ̀nà fún gbogbo súkúrù. Tí ẹ bá de é láìla ọ̀nà, igi á là ní ìlà tó bá ìdúró rẹ̀ mu, súkúrù ò sì ní di ohunkóhun mú mọ́. Tó bá jẹ́ súkúrù bàbà ni, ẹ kọ́kọ́ de súkúrù irin tó bá a dọ́gba, ẹ tú u, kí ẹ wá fi bàbà rọ́pò. Bàbà rọ̀, orí rẹ̀ tètè ń já. Ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ tàbí àbẹ́là pa ìsàlẹ̀ súkúrù, á wọlé wẹ́rẹ́.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń gbé ilẹ̀kùn kọ́, súkúrù kan péré fún ewé hínjì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ de mọ́ férémù. Ẹ pa á, ẹ ṣí i, ẹ wò ó. Ìgbà tó bá ti lọ geerege ni ẹ tó de àwọn tó kù.

Àlàfo mélòó ló yẹ kó wà láàárín ilẹ̀kùn àti férémù?

Mìlímítà 2 sí 3 lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Nísàlẹ̀, mìlímítà 5 sí 10, ó dá lórí bóyá kápẹ́ẹ̀tì máa wà níbẹ̀. Tí yàrá náà bá ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, bíi ti ilé ìwẹ̀, ẹ jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i kí afẹ́fẹ́ lè ríbi wọlé.

Ilẹ̀kùn mi tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ṣé mo lè gé e?

Ẹ lè gé e, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má gé ju mìlímítà 5 lọ ní apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pín in sí apá méjèèjì. Igi etí tóóró náà ni hínjì àti ahọ́n lọ́ọ̀kì ń gbára lé. Tí ẹ bá gé ìdajì rẹ̀ kúrò, ẹ ti gé ìdajì agbára rẹ̀. Ìfági dára ju ayùn lọ fún iye kékeré bẹ́ẹ̀. Ní apá tí ọwọ́ wà, ẹ fá a dagun díẹ̀, kí ẹ̀yìn etí má bàa kọ́ lu férémù nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń pa dé.

Gíga ló sábà máa ń fa wàhálà. Tí ohun tí ẹ fẹ́ gé nísàlẹ̀ kò bá ju mìlímítà 10 lọ, igi ìsàlẹ̀ á ṣì kù tó. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ gé gbogbo igi náà dànù, ìdí ilẹ̀kùn á wá ṣí sílẹ̀, pátákó méjèèjì á máa ya síra wọn. Ẹ má jù ègé tí ẹ gé náà nù! Ẹ bó pátákó kúrò lára rẹ̀ kí igi tó wà nínú rẹ̀ jáde, ẹ ha á mọ́. Ẹ ti páálí inú ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù igi pa ojú méjèèjì, kí ẹ ti igi náà padà sí ìdí ilẹ̀kùn. Ẹ fi kíláńpù fún un pa pọ̀ di ọjọ́ kejì, pẹ̀lú pátákó pẹlẹbẹ lábẹ́ ẹnu kíláńpù kó má tẹ ojú ilẹ̀kùn wọnú. Ó máa ń le bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó fi ayùn gé e, ẹ fi ọ̀bẹ gé ìlà náà jìnnà yí ilẹ̀kùn ká, ẹ lẹ tépù pépà mọ́ ọn, kí ẹ sì lo ayùn eléyín wẹ́wẹ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ojú pátákó á hó.

Irú lọ́ọ̀kì àti ọwọ́ wo ló bá a mu?

Lọ́ọ̀kì róbótó tó gùn bí páìpù, tí ihò kan láti etí àti ìkan láti ojú ilẹ̀kùn tó fún. Lọ́ọ̀kì onípótí, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ àyè gígùn fún nínú igi, kò yẹ ilẹ̀kùn yìí. Àyè rẹ̀ á mú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo igi etí lọ níbi tí ilẹ̀kùn ti nílò agbára jù.

Ní ti ọwọ́, ẹ lè mú èyí tó róbótó tàbí èyí tí a ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Èyí tí a ń tẹ̀ sísàlẹ̀ rọrùn fún àgbàlagbà, fún ọmọdé, àti fún ẹni tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo kà sí jù ni bó ṣe dúró mọ́ ilẹ̀kùn: ẹ mú èyí tí súkúrù rẹ̀ la ilẹ̀kùn já, tí apá méjèèjì fi ń di ara wọn mú. Èyí tó ń fi súkúrù kéékèèké di pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan kì í pẹ́ tú.

Gíga wo ni ọwọ́ máa wà?

Nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀. Ibi tí igi lọ́ọ̀kì wà ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ẹ ṣàlàyé bí a ṣe ń lu ihò lọ́ọ̀kì.

Ìwé àwòṣe sábà máa ń bá lọ́ọ̀kì wá. Ẹ ká a mọ́ etí ilẹ̀kùn, ẹ fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ àárín ihò méjèèjì. Ẹ kíyè sí bí ihò ojú ilẹ̀kùn ṣe máa jìnnà sí etí tó: mìlímítà 60 wọ́pọ̀, àmọ́ 44, 57 àti 70 náà wà. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ wọ̀n.

Ihò ojú ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ lù. Ẹ lu ú láti apá kan títí ẹnu ṣóńṣó dírílù á fi yọ díẹ̀ lápá kejì, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ lọ sápá kejì kí ẹ parí rẹ̀. Tí ẹ bá lù ú já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pátákó ẹ̀yìn á ya. Fún ọwọ́ róbótó, ihò yìí sábà máa ń tó mìlímítà 54. Ti ọwọ́ tí a ń tẹ̀ sísàlẹ̀ lè kéré gan-an, torí irin onígun mẹ́rin nìkan àti súkúrù méjì ló ń kọjá.

Lẹ́yìn náà, ihò etí, mìlímítà 22 sí 25. Ẹ rí i dájú pé dírílù dúró ṣánṣán, kó má tẹ̀ sápá kan. Kí ẹnì kejì dúró síbi orí ilẹ̀kùn, kó máa wò ó láti ibẹ̀, kó máa sọ fún yín bó ṣe ń lọ, nítorí láti ẹ̀yìn dírílù ẹ ò lè rí títẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Tó bá tẹ̀, ó máa la ojú pátákó síta, kò sì sí àtúnṣe tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ẹ ti lọ́ọ̀kì wọlé, ẹ gé ìlà yí irin pẹlẹbẹ rẹ̀ ká, ẹ gbẹ́ ẹ kó bá igi dọ́gba. Apá dídagun ahọ́n gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ilẹ̀kùn ń pa dé sí.

Mo ti lu ihò, kò sí igi níbẹ̀ rárá. Ṣé ilẹ̀kùn ti bàjẹ́?

Rárá. Ẹ lo ọwọ́ tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó sì fẹ̀, kó lè pín ìnira káàkiri, tí súkúrù rẹ̀ sì la ilẹ̀kùn já. Ẹ gé ọ̀pá igi róbótó kéékèèké tó gùn bí òfìfo inú ilẹ̀kùn ṣe fẹ̀, ẹ lu ihò sí àárín wọn, ẹ fi wọ́n sínú níbi tí súkúrù máa gbà kọjá. Àwọn ni kò ní jẹ́ kí pátákó wọnú nígbà tí ẹ bá ń fún súkúrù. Ẹ dúró nígbà tí ọwọ́ kò bá mì mọ́, ẹ má fún un kọjá bẹ́ẹ̀.

Ihò súkúrù hínjì ti gbòòrò, kì í dì mọ́.

Súkúrù tó tóbi jù kọ́ ni ìdáhùn, igi etí á là. Ẹ lu ihò náà fẹ̀ sí mìlímítà 8, ẹ fi gọ́ọ̀mù igi pa ọ̀pá igi róbótó tó bá a mu, ẹ lù ú wọlé, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ gé e dọ́gba, kí ẹ tún ọ̀nà là. Igi ìṣáná pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lè gbà yín sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ilẹ̀kùn ti wà lókè, ṣùgbọ́n kò pa dé dáadáa.

Ẹ wo irú ìṣòro tó jẹ́. Tó bá ń ta padà nígbà tó kù díẹ̀ kó pa dé, àyè hínjì jìn jù tàbí orí súkúrù yọ síta. Ẹ fi páálí sábẹ́ ewé hínjì, tàbí kí ẹ ri orí súkúrù wọlé.

Tí igun ìsàlẹ̀ lápá ọwọ́ bá ń wọ́lẹ̀, hínjì òkè ló sábà tú. Ẹ fún súkúrù rẹ̀. Tó bá ṣì ń wọ́lẹ̀, páálí kan lábẹ́ hínjì ìsàlẹ̀ á gbé e sókè díẹ̀.

Tó bá ń dá ṣí tàbí dá pa fúnra rẹ̀, férémù ò dúró ṣánṣán. Kí ẹ tó tú férémù, ẹ yọ orógùn hínjì kan, ẹ fi òòlù tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ gan-an, ẹ dá a padà. Á há díẹ̀, ilẹ̀kùn á sì dúró níbi tí ẹ bá fi í sí.

Tí ahọ́n kò bá wọ ihò irin férémù, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù pa imú ahọ́n, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ yí ọwọ́ kí ahọ́n fi ara kan férémù. Àmì tó bá kù síbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ṣé kí n kun ilẹ̀kùn kí n tó gbé e kọ́?

Ẹ dán hínjì àti ọwọ́ wò, ẹ tú wọn, kí ẹ wá kun ún. Orí àti ìdí ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ jẹ ọ̀dà. Ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń fò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rinrin ń gbà wọlé tí pátákó fi ń wú.

Mo lè fi ìkọ́ aṣọ sí i?

Aṣọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ de ìkọ́ sí igi òkè tàbí kí ẹ lo èyí tó ń fi orí kọ́ ilẹ̀kùn. Àpò ńlá tó wúwo, rárá.

Níbo ni kò yẹ kí n lò ó?

Kì í ṣe ilẹ̀kùn ìta. Ó sì ṣe pàtàkì gan-an pé kí ẹ má fi rọ́pò ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe láti dá iná dúró, irú èyí tó máa ń wà ní ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn tàbí láàárín ilé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ilẹ̀kùn onínú òfìfo kò lè dá iná dúró bíi tirẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn ń lu ògiri. Ibo ni kí n de ohun tó máa dá a dúró sí?

Ẹ de é sílẹ̀, lápá ibi tí ọwọ́ wà, kó kan igi ìdí ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ máa ń dè é nítòsí hínjì kó má bàa hàn. Níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú agbára, ńṣe ló máa ń fa súkúrù hínjì jáde lára igi etí. Èyí tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ògiri kó máa kan àárín pátákó, á lu pátákó náà wọnú láìpẹ́.